Omi Tí Ládánì Fi Ṣínu

Ọjọ́ Àìkú, ọgbọ̀n ọjọ́ nínú oṣù kẹjọ ọdún 2009, tí í ṣe ọjọ́ kẹsàn-án àwẹ̀ Ràmàdánì, ni ọ̀ràn yìí bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ ni ó bẹ̀rẹ̀, bí àwọn ará àdúgbò ti máa ń sọ ọ́. Ọ̀sán ni, kété tí wọ́n kírun àílà tán, nígbà tí Hàbíbátù, aya Jibril télọ̀, gbé kẹ́ẹ̀gì dúdú kan jáde láti igun ẹ̀yìnkùlé, tí ó sì rọ díẹ̀ nínú omi sódà tí ó fi ń ṣe ọṣẹ, tí ó wà nínú rẹ̀, sínú ike omi kan tí ó ṣófo.

Ó mọ̀ pé kò yẹ kí òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ó tilẹ̀ sọ ọ́ jáde lẹ́nu, pé, "Tíṣà á pa mí lónìí o," ó sì rẹ́rìn-ín sí ara rẹ̀ bí ó ti ń dé ike náà.

Tíṣà tí ó ń wí ni Ọláwùmí, obìnrin Èkìtì kan tí ó ń kọ́ni ní kẹ́mísìrì ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan lọ́nà Ìgandò. Bí ó bá di ọjọ́ Sátidé, yóò to bẹ́ǹṣì sí abẹ́ páànù tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ ní Ìkọ̀tún, yóò sì máa kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò bí a ti ń ṣe ọṣẹ, Mùsùlùmí àti ọmọ ìjọ pọ̀. Ènìyàn tínínrín ni, kì í sáábà rẹ́rìn-ín, kò sì fẹ́ràn kí a bi òun ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí Hàbíbátù lọ síbẹ̀, ife dígí méjì ni Tíṣà kọ́kọ́ gbé ka orí tábìlì.

"Èwo ni omi nínú méjèèjì?"

Mubarakah, aládùúgbò Hàbíbátù, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ni ó dìde nàka. "Eléyìí ni, Tíṣà. Ó mọ́ gaara ju èkejì lọ."

"Ó dára. Bí ó bá jẹ́ pé òùngbẹ ń gbẹ ọ́ ni, o ti gbé sódà mì nìyẹn."

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Mubarakah fọwọ́ bo ẹnu. "Háà! Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí orogún mi gbọ́ irú èyí o."

"Orogún wo?" ni ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. "Ta ni ó tún fẹ́ gbà fún ọkọ rẹ? Ìwọ nìkan náà ni ó rí mú jàre!"

Tíṣà jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín tán. Ó ní, "Kò ní àwọ̀. Kò ní òórùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀." Ó wá ṣí ọ̀rá kan, ó fi sódà gbígbẹ hàn wọ́n, funfun, wẹ́wẹ́, bí èérún àbẹ́là. Ó ní bí a bá ṣí i sílẹ̀, yóò fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, yóò sì máa rin. Bí a bá dà á sínú omi, omi náà yóò gbóná bí ẹni pé a gbé e ka iná. Nítorí náà, sódà ni a ń dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀, a kì í da omi lé sódà lórí, kí ó má baà hó kí ó sì ta síni lójú. A kì í fi abọ́ alumíníọ̀mù pò ó, nítorí pé yóò jẹ abọ́ náà, afẹ́fẹ́ tí yóò sì jáde níbẹ̀ lè gbiná. Kẹ́ẹ̀gì tí ó nípọn ni kí a máa tọ́jú rẹ̀ sí. Kí a wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, kí a sì fi awò bo ojú.

"Bí ó bá kàn yín lára, ẹ ó rí i pé ó ń yọ̀ bí ọṣẹ. Ọṣẹ náà ni lóòótọ́. Ọ̀rá ara yín ni ó ń sọ di ọṣẹ. Ẹ máa da omi sí i, omi púpọ̀, kí ẹ má sì tètè dáwọ́ dúró."

Hàbíbátù fúnra rẹ̀ ni ó béèrè, "Bí ó bá wá gba ẹnu wọlé ńkọ́, mà?"

"Ẹ fọ ẹnu onítọ̀hún. Bí ó bá lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní omi díẹ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bì, kí ẹ má sì fún un ní ohunkóhun tí yóò mú un bì. Ilé ìwòsàn ni ó kàn. Ṣùgbọ́n kò ní gba ẹnu wọlé bí ẹ kò bá rọ ọ́ sínú ohun tí a fi ń jẹ tàbí ohun tí a fi ń mu. Ẹ gbọ́ mi?"

"A gbọ́, mà."

Hàbíbátù gbọ́ lóòótọ́. Kẹ́ẹ̀gì dúdú ni ó ń lò, ó so àkísà pupa mọ́ ọn lọ́rùn, kò sì jẹ́ kí Hamdalah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, sún mọ́ igun yẹn. Bí ó ti ṣe é nìyẹn títí di ọjọ́ Àìkú tí a ń wí yìí, nígbà tí Mubarakah fi fóònù pè é pé àdín òun ti wà nílẹ̀ ṣùgbọ́n omi sódà òun kò tó, kí ó ṣàánú bù fún òun nínú tirẹ̀ tí ó ti tutù. Òun ń ti àdúgbò Command bọ̀, òun yóò yà kí wọ́n tó kírun alaasari. Kò sí kẹ́ẹ̀gì mìíràn nílẹ̀. Ike omi ni ọwọ́ rẹ̀ kàn. Ó gbé e sí etí fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, kí ó baà lè tètè mú un fún un bí ó bá dé.

Òjò mú Mubarakah mọ́ Command. Alaasari kọjá, kò dé. Hàbíbátù sì ti wà ní ìdí àkàrà.

Etí fèrèsé yẹn gan-an ni Jibril ti máa ń mú omi rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àwẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni Jibril. Yàtọ̀ sí aṣọ rírán, òun ni ládánì mọ́ṣáláṣí kékeré tí ó wà ní ìpẹ̀kun òpópónà wọn. Bí oòrùn bá wọ̀, kì í dúró jẹun nílé. Iwájú gbohùngbohùn ni ó ti máa ń ṣínu. Ẹnu omi kan ni yóò mu, yóò sì pe ìrun, kí àwọn tí ó mú dàbínù lọ́wọ́ nínú ilé wọn lè fi í sẹ́nu. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn ńlá. Ó rọ̀, ó sì máa ń fà á gùn níbi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń sáré kọjá. Ohùn náà ni Hàbíbátù kọ́kọ́ mọ̀ kí ó tó mọ ojú rẹ̀, nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn wá gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Omi Jibril gan-an wà nínú báàfù, Hàbíbátù ti fi yìnyín sí i. Ó gbọ́ nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣe àlùwàlá tán. Ó gbọ́ sálúbàtà rẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà. Ó rò pé yóò béèrè omi, kò béèrè. Kí ó tó yí àkàrà tí ó wà nínú epo padà, Jibril ti lọ.

Lẹ́yìn náà ni gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, bí ó ti máa ń ṣe bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án. Gbogbo òpópónà dákẹ́. Ìyá Jibril, tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá bá wọn gba àwẹ̀, ti mú dàbínù dání. Wọ́n gbọ́ tí ládánì ha ọ̀fun, wọ́n sì gbọ́ bí ó ti ṣí ike. Ohun tí ó tẹ̀ lé e kì í ṣe ìpè ìrun. Igbe ni, igbe kan ṣoṣo tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, tí ó gba inú gbohùngbohùn wọ gbogbo ilé lọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbọ́ tí nǹkan ṣubú, ẹ̀rọ náà sì ń han gooro.

Hàbíbátù wo etí fèrèsé. Kò sí ike níbẹ̀ mọ́.

Àwọn ọkùnrin méjì ni ó gbé Jibril wọlé, itọ́ ń dà ní ẹnu rẹ̀, ètè rẹ̀ ti wú. Wọ́n gbé e lélẹ̀ nínú pálọ̀, wọ́n sì tún sáré jáde láti wá ọkọ̀. Àwọn mẹ́ta ni ó kù sínú iyàrá náà: ẹni tí ó dùbúlẹ̀, ìyá rẹ̀, àti aya rẹ̀.

"Kí ni ó mu?" ni Ìyá ké. "Ìyàwó, kí ni ọmọ mi mu?"

"Sódà ni, Màmá. Sódà mi ni."

"Yéè! Májèlé! Gbé epo wá! Epo pupa!"

"Màmá, Tíṣà ní kí a má ṣe fún un ní ohun tí yóò mú un..."

"Tíṣà wo? Ṣé Tíṣà ni ó bí i? O fi májèlé sílẹ̀ fún ọmọ mi, o tún ń pe Tíṣà fún mi! Mo ní epo!"

Ohun tí Hàbíbátù mọ̀ kò kúrò lórí rẹ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ Tíṣà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti rọ sódà sínú ike omi, ẹnu wo ni yóò fi sọ pé òun mọ bí a ti í ṣe é? Ìyá fúnra rẹ̀ ni ó lọ gbé ìyókù epo tí wọ́n fi ń din àkàrà wá, èyí tí kò tíì kan iná. Ìyá ni ó rọ ọ́ sí ọmọ rẹ̀ lẹ́nu, tí ó ń pe Ọlọ́run, tí ó sì ń pe oríkì Jibril láti ìgbà èwe. Hàbíbátù di orí rẹ̀ mú. Jibril bì, ó sì tún bì, àti epo, àti ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ dé, kò lè dáhùn orúkọ rẹ̀ mọ́.

Ọláwùmí dé ilé ìwòsàn ní ọjọ́ kejì, kò sì sọ ọ̀rọ̀ ìbáwí kankan. Ó jókòó ti Hàbíbátù nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí dókítà fi jáde sí wọn. Dókítà béèrè ẹni tí ó fún un lépo. Hàbíbátù wo ilẹ̀.

Dókítà ní, "Nígbà tí ó mu ún, ó jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Nígbà tí ó bì, ohun kan náà tún gba ibẹ̀ padà, ó jó o lẹ́ẹ̀kejì, ó sì ba àpótí ohùn rẹ̀ jẹ́. Bí ó bá jẹ́ ti àkọ́kọ́ nìkan ni, ó ṣeé ṣe kí a rí i tún ṣe. Èyí ṣòro."

Bí ó ti lọ tán, Hàbíbátù ní, "Tíṣà, mo rò pé bí epo bá pàdé sódà, á di ọṣẹ ni. Mo rò pé bóyá Màmá..."

"Kì í ṣe láàrin ìṣẹ́jú kan. O mọ bí a ti ń ro ọṣẹ pẹ́ tó kí ó tó dì. Nínú ọ̀fun ènìyàn, epo kò pa sódà. Ó kàn mú un bì ni."

Hàbíbátù kúnlẹ̀ nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀, níwájú àwọn aláìsàn. "Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, Tíṣà. Kí Màmá má gbọ́ o. Ọmọ kan ṣoṣo tí ó kù fún wọn nìyí."

Lẹ́yìn Iléyá ni Jibril tó padà sílé. Rọ́bà kan ni wọ́n ti bọ inú rẹ̀, ibẹ̀ ni Hàbíbátù ń rọ ògì gbà. Láti ìgbà dé ìgbà, wọn yóò lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè fi nǹkan fẹ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ tí ó ń súnkì. Ohun tí ó kù nínú ohùn rẹ̀ ni èémí tí ẹni tí ó bá tẹ etí sí i lẹ́nu nìkan lè gbọ́. Wọ́n ti fi ẹlòmíràn ṣe ládánì, ọkùnrin kan tí ó ń sáré pè é. Bí ìpè bá ti bẹ̀rẹ̀, Jibril yóò kọjú sí fèrèsé, ètè rẹ̀ yóò sì máa mì, yóò sì tún máa mì níbi tí ó yẹ kí a ti fà á gùn, nígbà tí ti ọkùnrin yẹn bá ti parí.

Ìyá kò padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò jẹun lọ́wọ́ Hàbíbátù mọ́. Bí àlejò bá wá kí wọn, yóò sọ ọ́ kí aya náà gbọ́: "Ó ti se májèlé fún ọkọ rẹ̀ jẹ, ó kù kí ó se tèmi." Lẹ́yìn náà, ohùn rẹ̀ yóò rọ̀, yóò ní, "Epo ni Ọlọ́run fi dá a sí. Bí kò bá sí epo ni, a ò bá ti sin ín." Kì í sọ pé ọwọ́ òun ni. Epo ni ó máa ń yìn, àti Ọlọ́run. Ó sì ti sọ ọ́ gbangba pé bí Jibril bá ti lè dìde dáadáa, kí Hàbíbátù kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé baba rẹ̀ ní Ìbàdàn, kí ó sì fi Hamdalah sílẹ̀.

Ọláwùmí sọ fún un pé, "Ọ̀rọ̀ kan ni o ní láti sọ, wàá sì máa gbé ilé rẹ. Ìwọ nìkan kọ́ ni ó ṣe é."

"Mo mọ̀, mà. Ṣùgbọ́n tèmi, mo lè gbé e. Tiwọn á pa wọ́n."

Bí ó ti fẹ́ kí ó rí títí ni èyí, bí kì í bá ṣe ohun tí ó rí nílé Mubarakah. Ó lọ dá àwo kan padà. Kẹ́ẹ̀gì sódà Mubarakah wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n sì fi okùn so ìgò epo pupa kan mọ́ ọn lọ́rùn.

"Kí ni ti epo yìí?"

"Epo ààbò nìyẹn ná! Ṣé ìwọ ò ní in ni? Gbogbo wa ni a ti so ó mọ́ kẹ́ẹ̀gì wa. Ọ̀rọ̀ tí Ìyá yín ń sọ ni, pé epo ni ó gba Ládánì là. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ ẹni, kí a má ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a káàkiri." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo ti bẹ Ìyá pé kí wọ́n wá bá wa sọ ọ́ ní ọjọ́ Sátidé. Kò ní bí ọ nínú, àbí?"

Hàbíbátù yára padà sílé. Ó jókòó ti Jibril lórí ibùsùn, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Jibril pa ojú dé. Ó fà á mọ́ra títí etí Hàbíbátù fi kan ètè rẹ̀.

"Màmá," ni ó wí. Ó mí. "Má... dójú tì wọ́n."

"Àwọn ọmọ tí ó wà ní àdúgbò yìí ńkọ́, Baba Hamdalah?"

Omijé ń bọ́ lójú Jibril, ó sì ń ṣàn lọ sí etí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, Mubarakah mú Ìyá lọ́wọ́ wá sí abẹ́ páànù, ó sì fi í jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú. Ìyá wọ ìborùn funfun. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí ojú rẹ̀ yóò rí bẹ́ẹ̀ láti ìgbà àwẹ̀, nítorí pé àwọn obìnrin tí ó tó ogún ń kúnlẹ̀ kí i. Ọláwùmí dúró nídìí tábìlì, ó ń wo Hàbíbátù. Hàbíbátù mọ ohun tí ìwò náà túmọ̀ sí: bí ìwọ kò bá sọ ọ́, èmi yóò sọ ọ́ lónìí, n kò sì ní lè yọ ohunkóhun kúrò níbẹ̀.

"Ìyá wa," ni Mubarakah wí, "ẹ sọ ọ́ fún wọn. Ẹ sọ bí epo ṣe gba Ládánì là."

Ìyá gbá ìborùn mọ́ra. "Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi. Nígbà tí wọ́n gbé e dé, mo..."

Hàbíbátù dìde. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí èmi sọ ọ́."

Ìyá wò ó tìkà-tẹ̀gbin, ṣùgbọ́n ó dákẹ́ níwájú àwọn ènìyàn.

"Èmi ni mo rọ sódà sínú ike omi," ni Hàbíbátù wí. "Gbogbo yín ni ẹ mọ ìyẹn. Èyí tí ẹ kò mọ̀ ni pé, nígbà tí wọ́n gbé ọkọ mi dé, èmi náà ni mo rọ epo sí i lẹ́nu. Ó bì. Dókítà sọ fún mi pé bíbì yẹn ni ó jó o lẹ́ẹ̀kejì, òun ni ó sì gba ohùn rẹ̀ lọ. Epo kò gbà á là. Ẹ lọ tú ìgò epo yẹn kúrò lọ́rùn kẹ́ẹ̀gì yín. Bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì mu ún, ẹ fọ ẹnu rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó bì, kí ẹ sì máa gbé e lọ sí ilé ìwòsàn."

Mubarakah ni ó kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. "Ìwọ, Ìyá Hamdalah? Lẹ́yìn gbogbo ohun tí Tíṣà kọ́ wa! Ìwọ tí o tilẹ̀ béèrè rẹ̀ níbí yìí!"

"Ẹ̀ẹ̀mejì!" ni ẹnì kan wí lẹ́yìn. "Obìnrin yìí pa ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì."

Ìyá ni Hàbíbátù ń wò. Ọwọ́ ọ̀tún arúgbó náà ti gbéra kúrò lórí itan rẹ̀, ó gbé e sókè díẹ̀, ó tẹjú mọ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bí ẹni tí ó rí ohun àjèjì níbẹ̀. Ẹnu rẹ̀ là.

"Ìyàwó," ni ó wí, ohùn rẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ju ti ọmọ rẹ̀ lọ. "Kì í ṣe ìwọ ni... èmi ni mo..."

Hàbíbátù ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó mú ọwọ́ náà, ó pa á dé sínú tirẹ̀, ó sì fi ìborùn bò ó. Ó mọ̀ pé kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, gbogbo Ìkọ̀tún yóò ti gbọ́, kò sì sí ẹni tí yóò bá a bẹ̀bẹ̀ mọ́ bí wọ́n bá ní kí ó máa lọ sí Ìbàdàn.

"Inú yàrá ni ẹ wà, Màmá," ni ó wí, ó sì sọ ọ́ kí gbogbo wọn lè gbọ́. "Ẹ̀ ń gbàdúrà. Ẹ kò rí i."

Ibẹ̀ ni ó ti pinnu rẹ̀: òtítọ́ ọ̀rọ̀ epo náà ni òun yóò máa sọ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá bi òun léèrè, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí ó rọ ọ́, ọwọ́ òun ni òun yóò máa pè é títí òun yóò fi kú.